Àtúnṣe Lórí Ìlà Pupa: Ta Ló Ka Koríko?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú BRT, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú dánfó ní CMS, tẹ́ ẹ ki earpiece bọ etí kan, tẹ́ ẹ fi etí kejì sílẹ̀ fún kọ̀ńdọ́ kó má baà gbé ṣéńjì yín lọ, mo kí yín. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé kíkà lẹ máa ń kà á, ẹ kì í gbọ́ ọ, mo kí ẹ̀yin náà. Inú yàrá kan náà yìí ní Igbóṣeré ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ ohùn mi, ti aládùúgbò ni. Mo ti bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní èmi náà kí n lọ ra tèmi.

Ètò tòní kì í ṣe ti ẹ̀rín. Mo ní àtúnṣe láti ṣe, mo sì fẹ́ ṣe é láìfi igbá bo nǹkan kan.

Ẹ ó rántí ètò tí mo ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lórí màlúù àti àgbẹ̀. Mo fi àwòrán ilẹ̀ kan síta pẹ̀lú ètò yẹn. Ìlà pupa kan wà lójú rẹ̀. Ó gba Ṣakí wá, ó kọjá lẹ́bàá Òkèhò, ó forí lé Ìsẹ́yìn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta. Mo sọ fún yín pé ọ̀nà màlúù tí ìjọba ti là sílẹ̀ nìyẹn. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó bá wọn là á. Ẹ sì pín in. Ẹ pín in ju ètò èyíkéyìí tí mo ti ṣe rí lọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí status WhatsApp ẹnì kan ni mo ti rí àwòrán yẹn. Ẹni náà rí i lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Nígbà tí mo wá ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà, mi ò dé ibi kankan. Kò sí ọ́fíìsì tó ni ín, kò sí ẹni tó fọwọ́ sí i, kò sí ọjọ́ lórí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń gbọ́ wa ló kọ́kọ́ pè mí sí àkíyèsí. Awọnlẹ̀ ni wọ́n, iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Wọn ò bú mi o. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni wọ́n bi mí: "Àbúrò, ta ló wọn ìlà yìí? Ọjọ́ wo ló wọ̀n ọ́n? Níbo ni òpó ààlà rẹ̀ wà?" Mi ò ní ìdáhùn sí ẹyọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo ṣì ń ronú ohun tí màá sọ fún wọn nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi pè láti òkè. Bàbá Òkèhò ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ń gbin àgbàdo àti pákí ní abúlé kan lẹ́yìn Òkèhò. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ kan gbé fóònù dání lọ sí gáà Fúlàní tó wà nítòsí wọn, wọ́n nawọ́ àwòrán sí àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n ní àṣírí ti tú, pé ìjọba ti ta ilẹ̀ àwọn fún màlúù. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn àgbà tó dá sí i. Bàbá Òkèhò ní, "Wọ́n ní Èkó ni àwòrán náà ti wá. Ṣé o mọ ẹni tó ṣe é?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ ẹni tó fi í síta.

Bí ọ́fíìsì mẹ́ta ṣe ń ju bọ́ọ̀lù

Kí ẹ tó sọ pé mo ti di agbẹjọ́rò ẹnì kan, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú Bàbá Òkèhò fúnra wọn ti rí. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, màlúù wọ oko àgbàdo wọn lóru. Ohun tó kù nílẹ̀ kò kún apẹ̀rẹ̀ kan. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì kan. Wọ́n ní inú igbó ọba ni màlúù náà ti jáde, kí wọ́n lọ bá àwọn onígbó. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn onígbó, àwọn yẹn ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà ẹranko ni, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Ìkẹta ní ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì kankan. Gbogbo wọn ló fún wọn ní àga. Kò sí ẹni tó tẹ̀ lé wọn dé oko.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dín oko náà kù sí ìdajì. Ọmọ wọn àkọ́bí fi oko sílẹ̀, ó ń gun ọ̀kadà ní Ìbàdàn báyìí.

Mo wá béèrè lọ́wọ́ awọnlẹ̀ yẹn pé, ẹ̀gbọ́n, ibo gan-an ni kí màlúù jẹ̀ dé, ibo ni kó dúró? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìwọ ń béèrè ààlà. Kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹnì kan mọ iye koríko tó wà níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ibi tí mo wà lónìí. Nítorí kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ pé ilẹ̀ yìí gba màlúù 50 tàbí 500, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti lọ síbẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó wo ohun tó hù. Òun ni wọ́n ń pè ní sọ́fè pápá ìjẹko. Ilẹ̀ ìjẹko kan kì í sì í sábà wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì kan ṣoṣo.

Ará Igbóṣeré kò lè ní òun ò mọ agbára sọ́fè

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, kí ló kan Ìsàlẹ̀ Èkó nínú ọ̀rọ̀ koríko? Ẹran tẹ́ ẹ jẹ ní sùyà lálẹ́ àná, koríko ni tẹ́lẹ̀. Ìyẹn lápá kan.

Lápá kejì, àdúgbò yìí mọ ohun tí ìlà kan lórí ìwé lè ṣe. Herbert Macaulay tẹ́ ẹ rí lójú owó náírà kan, awọnlẹ̀ ni. Ọdún 1890 ni wọ́n rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́, ó padà ní 1893, ó di awọnlẹ̀ fún ilẹ̀ ọba ní Èkó. Ní 1898 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, tí Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, sì gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay bá a lọ. Ní 1921 ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá Olúwa láre: ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn èèyàn tó ń gbé orí rẹ̀, ìjọba gbọ́dọ̀ san owó gidi. Owó tí wọ́n san jẹ́ pọ́n-ùn 22,500.

Ohun kan tún wà tí àwa ará ibí fi ojú ara wa rí. Ní Oṣù Kẹwàá 2020, ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní Igbóṣeré yìí jóná. Ẹ rántí èéfín yẹn. Ẹ rántí àwọn lọ́yà tó dúró sí títì, tí wọ́n ń wo ìwé ẹjọ́ oníbàárà wọn tó di eérú. Tí ìwé kan bá wà ní ibì kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ibẹ̀ bá jó, ìmọ̀ tán nìyẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, màá padà sí i.

Ta ló ni koríko?

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gun òkè lọ sí Ọ̀yọ́, ní apá Òkè-Ògùn, ká wo bí ilẹ̀ ṣe pín.

Àkọ́kọ́, òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, pé kó dì í mú fún àwọn èèyàn. Ìkejì, Ọgbà Orílẹ̀-èdè Ọ̀yọ́-Ilé wà níbẹ̀, níbi tí olú ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ wà. Igbó ọba méjì ni tẹ́lẹ̀: ti Ògùn Òkè, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1936, àti ti Ọ̀yọ́-Ilé, ní 1941. Wọ́n di ibi ìpamọ́ ẹranko ní 1952, ìjọba àpapọ̀ sì sọ wọ́n di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991. Ìwọ̀n rẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú àti lóròó. Ìpínlẹ̀ Èkó lápapọ̀ ò ju bíi 3,577 lọ. Òfin kò fàyè gba màlúù nínú ọgbà yẹn. Ṣùgbọ́n koríko àti omi wà níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, màlúù kò sì mọ ìwé kà.

Ìkẹta, àwọn igbó ọba mìíràn wà tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ìkẹrin, ilẹ̀ ẹbí àti oko wà láàárín gbogbo rẹ̀. Ìkarùn-ún, ẹnu ibodè Benin kò jìnnà. Láti 1998 ni ECOWAS ti ní àdéhùn pé ẹran lè sọdá ibodè pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tó sọ iye ẹran, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gbà, ọ̀nà tí wọ́n máa gbà, àti ibi tí wọ́n ń lọ.

Ní àríwá, ìtàn yàtọ̀ díẹ̀. Òfin 1965 ló dá ilẹ̀ ìjẹko ìjọba sílẹ̀ níbẹ̀. Iye tí wọ́n máa ń dárúkọ káàkiri orílẹ̀-èdè ni 415, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò tíì wọ gásẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ni pé orúkọ wà, ààlà tí òfin mọ̀ kò sí.

Ẹ wá wo 2021. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Karùn-ún, àwọn gómìnà gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n ní kí fífi ẹran jẹ̀ káàkiri dópin. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yẹ ilẹ̀ ìjẹko 368 wò ní ìpínlẹ̀ 25. Ní Oṣù Kẹsàn-án, Èkó fi òfin de fífi ẹran jẹ̀ káàkiri. Ní Oṣù Keje 2024, Ààrẹ Tinubu dá ilé-iṣẹ́ ìjọba tuntun sílẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn nìkan. Ẹ ò rí i pé àṣẹ pọ̀? Àpapọ̀ ń pa tirẹ̀, ìpínlẹ̀ ń pa tirẹ̀, ECOWAS ní tirẹ̀. Koríko kan náà ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lé lórí, kò sì sí ìwé kan tí gbogbo wọn jọ gbà pé bí koríko náà ṣe rí nìyí.

Ọjọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ ka koríko

Mo sọ fún awọnlẹ̀ yẹn pé mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Wọ́n ní kò burú. Ọ̀rẹ́ mi kan tó kàwé nípa koríko ẹran ní FUNAAB tẹ̀ lé wa. Ẹ̀kọ́ gidi ni o. Ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti pápá ìjẹko nìkan. A gba mọ́tò lọ sí Òkèhò. Bàbá Òkèhò mú wa lọ sí apá oko wọn tó ti di igbó. Wọ́n sì ṣe ohun kan tí mi ò retí: wọ́n ránṣẹ́ pe àgbà kan láti gáà, Alhaji, ọkùnrin tí wọ́n bí síbẹ̀, tí Yorùbá ẹnu rẹ̀ jinlẹ̀ ju tèmi lọ.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe rí. Ẹ ta tépù mítà 50 sórí ilẹ̀, kó le dáadáa. Ẹ mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ní gbogbo ìdajì mítà, ẹ jẹ́ kí irin náà já lulẹ̀ ṣánṣán. Ẹ má yan ibi tó wù yín. Ohun tí irin bá kàn, ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ewé wo, igi wo, koríko gbígbẹ, ilẹ̀ lásán, òkúta. Ìgbà 100 ni ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lórí tépù kan. Lẹ́yìn náà ẹ gbé tépù lọ sí ibòmíràn.

Ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo ti yọ fóònù mi, mo ti wo ibi tí a dúró sí lórí àwòrán sátẹ́láìtì. Àwọ̀ ewé minijọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, oúnjẹ pọ̀ níbí!" Nígbà tí irin bẹ̀rẹ̀ sí í já, ọ̀rẹ́ mi ń kọ: Akíntọ́lá. Akíntọ́lá. Eruwà. Akíntọ́lá. Ilẹ̀ lásán. Akíntọ́lá.

Ẹ̀yin ọmọ Èkó tí kò mọ̀ ọ́n, ewé Akíntọ́lá ni igbó kan tó máa ń gba oko tí wọ́n bá fi sílẹ̀. Àwọn ará ibòmíràn ń pè é ní Awólọ́wọ̀. Ó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tí bàbá yín ṣe. Ó máa ń tutù yọ̀yọ̀. Ó ju ìdajì ìgbà tí irin já lọ tó jẹ́ òun ló kàn. Alhaji dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí i. Wọ́n ní, "Èyí tí ẹ ń kọ yìí, màlúù kì í fẹnu kàn án. Ibí yìí kì í ṣe oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọjá lọ sí odò."

Bàbá Òkèhò wojú wọn. Ẹ̀bá odò yẹn ni oko àgbàdo wà.

Àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn jà fún ọdún mélòó kan lórí ẹsẹ̀ màlúù. Ó kéré tán, ní ọjọ́ yẹn, wọ́n jọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tépù kan, wọ́n jọ ń jiyàn lórí orúkọ koríko. Bàbá Òkèhò mọ ibi tí bẹẹrẹ ti máa ń hù nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Alhaji mọ oṣù tí koríko kọ̀ọ̀kan máa ń dùn lẹ́nu ẹran. Ọ̀rẹ́ mi mọ orúkọ inú ìwé. Awọnlẹ̀ mọ ibi tí a dúró sí gan-an lójú ayé. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè dá ìwé yẹn kọ.

A ti ka ẹran rí, àwọn kan sì ń ka koríko lọ́dọọdún

Ẹ má rò pé ẹnikẹ́ni ò gbìyànjú rí ní Nàìjíríà. Ní 1990, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹran ọ̀sìn gbé iṣẹ́ ńlá kan fún ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Resource Inventory and Management. Wọ́n fi bàálù kékeré tó ń fò nísàlẹ̀ ka ẹran, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò. Wọ́n tún rán èèyàn lọ sí abúlé láti ka èyí tó wà lábẹ́ òrùlé, tí ojú òkè kò lè rí. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1992: màlúù bíi mílíọ̀nù 13.9, àgùntàn mílíọ̀nù 22.1, ewúrẹ́ mílíọ̀nù 34.5. Ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ yà mí lẹ́nu. Kì í ṣe inú aginjù níbi tí koríko wà nìkan ni ẹran pọ̀ sí. Ibi tí oko àti ilé èèyàn bá pọ̀ sí ni ẹran náà pọ̀ sí. Ìyẹn ni pé àgbẹ̀ àti darandaran kò pàdé ní ìjàǹbá. Orí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Iṣẹ́ yẹn ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ.

Àwọn ará ilé wa ní Sahel ń ṣe tiwọn lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ọ̀dá ńlá tó pa ẹran wọn, àwọn orílẹ̀-èdè náà dá ẹgbẹ́ CILSS sílẹ̀ ní 1973, wọ́n sì dá ibùdó AGRHYMET sílẹ̀ ní Niamey ní 1974. Ní Niger àti Senegal, tí òjò bá ti ń lọ sópin, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń padà sí àwọn ibi kan náà tí wọ́n ti yàn sílẹ̀. Wọ́n á gé koríko, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á fi wé ohun tí sátẹ́láìtì rí. Èyí ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ṣáájú ẹ̀ẹ̀rùn pé agbègbè báyìí, oúnjẹ ẹran kò ní tó. Ẹ rò ó wò: tí oúnjẹ kò bá tó níbẹ̀, ibo ni ẹran máa forí lé? Gúúsù ni. Ọ̀dọ̀ wa.

Amẹ́ríkà náà jìyà ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ ìjẹko ìjọba wọn pọ̀. Ọ́fíìsì kan ṣoṣo, Bureau of Land Management, ń bójú tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 155 éékà tí ẹran ń jẹ̀ sí. Ọ́fíìsì mìíràn ló ni igbó. Òmíràn ló ń bá àwọn tó ni ilẹ̀ ara wọn ṣiṣẹ́. Olúkúlùkù ń wọn koríko bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ní 1994, ìgbìmọ̀ ìwádìí orílẹ̀-èdè wọn kọ ìwé kan pé ìwọ̀n wọn kò dọ́gba, nítorí náà wọn kò lè sọ bóyá ilẹ̀ ìjẹko Amẹ́ríkà lápapọ̀ ń sàn ni tàbí ó ń kú lọ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jọ jókòó. Nígbà tó máa fi di 2011, ọ́fíìsì tó wà fún ilẹ̀ ìjọba àti èyí tó wà fún ilẹ̀ aládàáni ti ń fi ọ̀nà kan náà wọ̀n: tépù kan náà, irin kan náà, àkọsílẹ̀ kan náà. Bí o bá sọdá ọgbà látorí ilẹ̀ ìjọba bọ́ sí ti ẹni aládàáni, nọ́ńbà méjèèjì ṣeé tò pọ̀.

Àṣírí ibẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe dúróònù. Àwòrán Landsat ti wà láti 1972, ọ̀fẹ́ ni báyìí. Sentinel ti àwọn ará Yúróòpù náà ọ̀fẹ́ ni, ó ń rí ohun tó fẹ̀ tó mítà 10, ó sì ń padà wá ní bíi ọjọ́ márùn-ún sí ara wọn. Fóònù ọwọ́ yín lè ṣí i. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé ojú òkè kò mọ Akíntọ́lá yàtọ̀ sí eruwà bí kò bá sí ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó.

Ẹ̀rù tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó le. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló máa sá fún sọ́fè. Ọjọ́ tí èèyàn bá rí tépù lórí ilẹ̀ rẹ̀, ó ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ gbà á ni. Ẹ rántí RUGA ní 2019: wọ́n kéde rẹ̀, ariwo sọ, ìjọba dá a dúró ní Oṣù Keje. Láti ìgbà yẹn, tí ẹ bá mẹ́nu kan "ilẹ̀" àti "màlúù" nínú gbólóhùn kan, ọkàn èèyàn ti fò sókè. Darandaran náà ń bẹ̀rù: tí wọ́n bá ka ẹran òun, ṣé owó orí kọ́ ló kàn?

Ẹ̀rù yẹn ní ìdí, mi ò ní pè é ní ìgbéraga tàbí àìmọ̀wé. Nítorí náà, tí sọ́fè bá máa wáyé, àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà nídìí tépù. Kí ọ̀gá ọgbà ẹranko wá. Kí àwọn onígbó ọba wá. Kí ilé-iṣẹ́ ẹran ọ̀sìn ti ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ wá. Kí awọnlẹ̀ wá. Federal School of Surveying wà ní Ọ̀yọ́ níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó níbí ní 1908. Kí àgbẹ̀ kan àti darandaran kan fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n bá kọ lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n ṣe é ní oṣù kan náà lọ́dọọdún, ní ibi kan náà. Kí ẹ̀dà ìwé náà sì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, kí ẹnikẹ́ni lè kà á. Àwa tí a rí èéfín Igbóṣeré mọ ìdí rẹ̀.

Sọ́fè nìkan kò ní dá ìjà dúró. Àwọn ọ̀daràn tó ń jí èèyàn gbé kò dúró de ìwé koríko, ọlọ́pàá ló kan ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò bá sí ìwé tòótọ́, ìwé irọ́ ló máa gba ipò rẹ̀. Mo mọ̀, nítorí pé èmi ni mo pín in.

Ohun tí mo ti ṣe

Mo ti yọ àwòrán yẹn kúrò níbi gbogbo tí mo fi sí. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀dọ́ abúlé yẹn, mo sọ orúkọ mi, mo ní èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Ẹnì kan nínú wọn bú mi dáadáa, mo sì gbà á. Mo bẹ Alhaji náà. Wọ́n ní, "Ó ti tán. Ṣùgbọ́n ìwọ tó ní àwọn tó ń gbọ́ ọ, sọ ọ́ bí o ṣe sọ ti àkọ́kọ́." Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyí.

Tí ẹ bá ṣì ní àwòrán náà lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Tí ẹ bá rí òmíràn, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta ẹ̀gbọ́n awọnlẹ̀ kí ẹ tó tẹ ọwọ́ lé e: ta ló wọ̀n ọ́n, ọjọ́ wo, níbo ni òpó wà? Tí kò bá ní ìdáhùn, ẹ má fi ránṣẹ́ sí bàbá yín.

Bàbá Òkèhò pè lánàá. Wọ́n ní àwọn àti Alhaji ti jọ rìn lọ sí ẹ̀bá odò, wọ́n ń wò ó bóyá ọ̀nà kan wà tí ẹran lè gbà dé ibi omi láìkọjá lára àgbàdo. Wọn ò tíì fẹnu kò. Wọ́n bi mí bóyá mo lè bá àwọn ya tépù yẹn. Ti awọnlẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi. Mo lọ ra òmíràn ní Ìdúmọ̀tà, yóò bá mọ́tò gòkè lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Òkè-Ògùn. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀, ẹ sọ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.